Èmi Ni Mo Kọ Ìbéèrè Tí Wọ́n Ń Tìtorí Rẹ̀ Halẹ̀ Mọ́ Ọmọ Mi

"Ìyá Tíṣà, ẹ sọ fún ọmọ yín kó má gba ọ̀nà ọjà mọ́ títí ìbò á fi kọjá. Wọ́n ní ọwọ́ tó fi kọ ìwé yẹn làwọn máa kọ́kọ́ ṣẹ́." Ohun tí obìnrin tó ń ta obì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa sọ fún mi láàárọ̀ àná nìyẹn, kò sì fi ṣàwàdà. Ẹ̀yin òǹkàwé, ọmọ mi kọ́ ló kọ ìwé náà. Èmi ni.

Ní Sátidé tó kọjá, àwọn méjì tó ń du ìbò agbègbè wa wá sọ̀rọ̀ níwájú ará ìlú ní gbọ̀ngàn kan ní Iléṣà níbí. Ọmọ mi ni alága tó ń ka ìbéèrè. Ẹni tó bá ní ìbéèrè á kọ ọ́, á jù ú sínú agbọ̀n. Ẹni tí kò mọ̀wé á bẹ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mo kọ mọ́kànlá fún àwọn obìnrin tó jókòó tì mí. Ìkejìlá, ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ mí... Àbúrò mi tó ń gbé lábúlé wa kú lọ́nà Ìpèríndó nígbà tó ń rọbí, lórí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń gbé e bọ̀ ní Iléṣà. Mo bi èyí tó ti wà nílé ìgbìmọ̀ tẹ́lẹ̀ pé, láti ọjọ́ tó ti ṣí ilé ìgbẹ̀bí abúlé wa, ǹjẹ́ agbẹ̀bí kan ti sùn síbẹ̀ rí? Kó tó lanu, ẹnìkan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ewúrẹ́ ló ń sùn níbẹ̀, ọ̀gá!" Ẹ̀rín gba gbogbo gbọ̀ngàn, ó jẹ ìṣẹ́jú mẹ́ta tí olóṣèlú náà ní láti fi dáhùn tán, ọmọ mi sì lu aago.

Báyìí, àwọn kan ní ó ṣe alága dáadáa, àwọn kan ní wọ́n ti rà á. Àwọn ọmọlẹ́yìn olóṣèlú tí mo bi ní ìbéèrè mú ìwé náà nínú agbọ̀n, wọ́n gbé e ti ìwé àwọn ọmọ iléèwé tó máàkì, wọ́n ní ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà ni, pé òun ló kọ ọ́. Kí ló dé tí kò ní rí bẹ́ẹ̀? Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú kọ́ ọ ní a, b, d. Òun náà dá ọwọ́ mi mọ̀ kó tó kà á, mo rí ojú rẹ̀... Láti ọjọ́ náà kò bi mí, èmi náà ò sọ.

Bí mo bá jẹ́wọ́, wọn á ní ìyá àtọmọ ló jọ gbìmọ̀ rẹ̀. Bí mo bá dákẹ́ ńkọ́? Òun nìkan ni mo bí, ó sì ti ní òun ò ní yà kúrò lọ́nà ọjà fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí n lọ sọ òtítọ́ fún wọn, àbí kí n panu mọ́? Ẹ tètè dá mi lóhùn.