Ohùn Télọ̀ Tó Há Sínú Kọ̀ǹpútà

Ọdún mẹ́rin rèé tí o lọ, ọmọ ìyá mi. Ọdún mẹ́rin gbáko! Mo ní kí n sọ ọ́ ṣókí lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ. Bó bá ti là, àfi kí ẹlòmíràn bá mi pa á dé.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ ṣì ń ṣí láràárọ̀. Ọmọṣẹ́ rẹ àgbà ló ń gé aṣọ báyìí. Ìyàwó wa ló ń gba oníbàárà, òun ló ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ, òun náà ló sì ń pariwo lé ẹni tó bá jẹ́ kí àyọ́ọ̀nù jó nǹkan. Àkọ́bí rẹ ti ga débi pé ṣòkòtò rẹ tó kù sílé ò dé ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́. Ilé ti ní òrùlé. Bẹ́ẹ̀ ni o, òrùlé tí o fi gbogbo ayé rẹ sọ pé ó di oṣù tó ń bọ̀!

Ọmọ tó wà nínú ìyá ẹ̀ nígbà tí o lọ ńkọ́? Obìnrin ni. Bọ́tìnnì là ń pè é, torí kò sí bọ́tìnnì tó bọ́ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí kò ní jù sẹ́nu. Ó ní iwájú orí rẹ, ó ní etí rẹ, ó sì ní agídí rẹ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

O rántí ìgbà tí dókítà sọ pé iṣẹ́ abẹ ọ̀nà ọ̀fun yẹn lè gba ohùn lẹ́nu rẹ. O ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́ra, o jókòó síwájú kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí o ń tọ́jú sítáì sí, o ya fídíò, o sì bá oyún inú ìyàwó wa sọ̀rọ̀. Nígbà tí o jáde, o sọ fún un pé gbogbo ohun tí o fẹ́ bá ọmọ náà sọ ti wà níbẹ̀, pé bí ohùn rẹ bá tiẹ̀ lọ, ọmọ á ṣáà gbọ́ ọ. Ìyàwó wa mọ̀ pé kọ̀ǹpútà náà ní pásíwọ́ọ̀dù. Kò béèrè. Lójú tiẹ̀, bó bá fi lè béèrè, ó ti gbà nìyẹn pé o kò ní padà wá ṣí i fúnra rẹ. O lọ ṣe iṣẹ́ abẹ, o kò sì padà. Èmi ò bá a wí o. Èmi náà ì bá má béèrè.

Ọdún ń gorí ọdún, a fi kọ̀ǹpútà náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù, kò sẹ́ni tó láyà láti gbé e. Àfi lọ́jọ́ kan tí Bọ́tìnnì dé láti iléèwé, tó ní kí a sọ fún òun bí ohùn bàbá òun ṣe rí. Mo ní ó nípọn. Ìyàwó wa ní kò nípọn rárá, pé pínnì tí o máa ń fi sáàárín ètè rẹ ló ń há a. Mo ní irọ́ ni. Ó ní èmi ni mo ti gbàgbé. A wo ara wa, ẹ̀rù sì bà wá. Ohùn rẹ ti ń sá lọ mọ́ wa lọ́wọ́, àwa tí a gbọ́ ọ rí! Kí la fẹ́ fún ẹni tí kò gbọ́ ọ rí?

Ọjọ́ yẹn ni ìyàwó wa gbé kọ̀ǹpútà náà sọ̀kalẹ̀. Ó tẹ orúkọ àkọ́bí. Rárá. Ó tẹ orúkọ tiẹ̀. Rárá. Ọjọ́ ìbí, ọjọ́ ìgbéyàwó, orúkọ ìyá wa, orúkọ ajá tí o sìn nígbà kékeré, èyí tí èmi bá a rántí. Rárá ni o! Ìwọ tí kì í rántí ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni, kí ló mú wa rò pé ọjọ́ ìbí lo máa fi ṣe kọ́kọ́rọ́?

Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ọkùnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó ní òun lè ṣí i kíá, á sì máa ṣiṣẹ́ bíi tuntun, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ ló máa pa rẹ́. Ó ní ẹni tó ti ilẹ̀kùn yìí fẹ́ kó tì lóòótọ́. Bẹ́ẹ̀ télọ̀ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ tó ń jí sítáì rẹ lo ń tì í mọ́, kì í ṣe àwa! Ó tún kìlọ̀ pé kọ̀ǹpútà náà ti ń ka àṣìṣe wa, pé ẹ̀ẹ̀mejì péré la tún lè gbìyànjú kó tó nu gbogbo ẹ̀ dànù fúnra ẹ̀.

Ìyàwó wa gbé e padà sílé, ó fi aṣọ bò ó, kò sì fọwọ́ kàn án mọ́. Mo máa ń bá a níbi tó ti dúró tì í, tó kàn ń wò ó. Kí lèèyàn fẹ́ ṣe? Ohùn ọkọ ẹ̀ wà níwájú ẹ̀ gbangba, kò sì lè dé ibẹ̀. Bí mo bá ní kó jókòó, ó jókòó. Bí mo bá ní kó jẹun, ó ní òun ti yó.

Àfìgbà tí Àádọ́ta dé. O rántí Àádọ́ta! Olùkọ́ àgbà tó sanra yẹn, tó jẹ́ pé ìwọ̀n àyà ẹ̀ lo fi ń pè é, torí o kò mọ orúkọ ẹ̀ títí o fi lọ. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ní Àádọ́ta ti dé o, ṣùgbọ́n kí wọ́n bá òun fi díẹ̀ kún un, ọjọ́ ti lọ. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó wa náà ń rẹ́rìn-ín, àfi bí ẹ̀rín náà ṣe gé mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé kí ẹ tó fẹ́ra, òun náà ò ní orúkọ lẹ́nu rẹ. Àyà, ìbàdí, gígùn. Nọ́ńbà mẹ́ta yẹn lo máa ń ké mọ́ ọn lójú ọ̀nà bó bá ń kọjá, tí ojú á sì máa tì í.

Bó bá jẹ́ òun ni kọ́kọ́rọ́ náà ńkọ́? Nọ́ńbà wo ni? Ó ti gbàgbé! Ó sunkún, ó ní ohun tí òun kórìíra láti gbọ́ nígbà yẹn ni òun fẹ́ gbọ́ báyìí. Ó mú téèpù rẹ, ó wọn ara ẹ̀, ó sì tẹ nọ́ńbà náà. Rárá. Ó ti bímọ, ara kì í dúró sójú kan, ó yẹ kí gbogbo wa ti mọ̀. Ó wá ku ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Ó wọ yàrá, ó fa àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde. Gáùn àkọ́kọ́ tí o rán fún un wà níbẹ̀, ó ṣì mọ́ tónítóní. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì tí o ti ń gé aṣọ, ó sì wọ̀n ọ́n. Ó na ìka sí kọ̀ǹpútà, ó tún fà á padà. Ó rántí pé o kì í rán aṣọ mọ́ èèyàn lára, pé o máa ń fi ààyè sílẹ̀ kí aláṣọ lè mí. Ó yọ ààyè náà kúrò lára àyà, ó yọ ọ́ kúrò lára ìbàdí, ó fi gígùn sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó wá ń tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ò lè wò ó, mo kọjú sí ògiri.

Ó ṣí! Ọmọ ìyá mi, ó ṣí! Igbe tí a ké lọ́jọ́ náà, aládùúgbò rò pé olè ló wọlé wa.

A pe Bọ́tìnnì, ó gun itan ìyá ẹ̀. O yọ sí wa nínú fídíò, téèpù lọ́rùn, o ti rù, ṣùgbọ́n ìwọ ni. Ẹnu rẹ ń mì. A ò gbọ́ nǹkan kan. A gbé ohùn kọ̀ǹpútà sókè títí ó fi dópin, ohun tó sì jáde kàn ń kùn, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ òkìtì aṣọ. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó dá ṣáká níbẹ̀. Àkọ́bí rẹ ló tọ́ka sí ihò kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń gbọ́rọ̀. Sẹ́lótéèpù! Ìwọ lo fi sẹ́lótéèpù dí i, kí eruku aṣọ má bàa wọ inú ẹ̀. O lẹ̀ ẹ́ léra léra dáadáa, ìwọ afínjú! O wá jókòó síwájú ẹ̀, o sì sọ gbogbo ọkàn rẹ fún adití. Kí ni ǹ bá fi ọ́ ṣe?

Bọ́tìnnì gbé etí lé kọ̀ǹpútà náà, ó ń gbọ́ kíkùn yẹn. Ìyàwó wa dá fídíò padà síbẹ̀rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ètè rẹ, ó sì lanu. O mọ̀ pé òun nìkan ló máa ń gbọ́ ọ bí pínnì bá kún ẹnu rẹ, tí àwa yòókù á máa ní kí lo wí. Ó ń wo ètè rẹ, ó sì ń sọ ọ́ fún ọmọ náà. Ó ní o ní kó má bẹ̀rù ariwo ẹ̀rọ, pé bàbá ẹ̀ ló ń ránṣọ. Ó ní o ní o ń wọn ikùn ìyá ẹ̀ láràárọ̀, pé ìwọ lo kọ́kọ́ wọn ọmọ náà kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ó ní o ní bó bá jẹ́ obìnrin, kí wọ́n máa fi ààyè sílẹ̀ nínú gbogbo aṣọ ẹ̀, kó lè sáré.

Lẹ́yìn náà lo rẹ́rìn-ín, o fọwọ́ bojú, ọwọ́ náà sì bo ẹnu. O sọ̀rọ̀ lábẹ́ ẹ̀, ọ̀rọ̀ tó gùn díẹ̀, ibẹ̀ sì ni fídíò parí sí. Ìyàwó wa dá a padà, ó tún un wò. Ó sún mọ́ ọn, ó tún un wò. Ọwọ́ ò kúrò. Nígbà yẹn ló wá bú sẹ́kún, a ò sì rí nǹkan kan fi tù ú nínú.

Ó ti bó sẹ́lótéèpù náà. Kọ̀ǹpútà rẹ ń gbọ́ gbogbo nǹkan báyìí. Ó ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ, ó ń gbọ́ ìjà àwọn ọmọṣẹ́, ó ń gbọ́ Àádọ́ta. Ìwọ nìkan ni kò sí níbẹ̀ kó gbọ́.

Bọ́tìnnì ní òun mọ ohun tí o sọ lábẹ́ ọwọ́ yẹn. Lánàá, ó ní o ní kí wọ́n fún òun ní bísíkíìtì. Lónìí tó pé ọdún mẹ́rin tí o lọ, ó ní o ní kí ìyá òun dákẹ́, pé o ń bọ̀ lọ́sàn-án. Kò sí ẹni tó lè já a ní koro nínú wa. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ tó ní ààyè, ó sì ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀.

Ọdún mẹ́rin, Télọ̀. Gbogbo wa là ń bá a wo ẹnu ọ̀nà yẹn. A ṣì fẹ́ràn rẹ, a ṣì ń wá ọ.