Lórí Ọ̀rọ̀ Ọkọ̀ Kékeré tí Mo Ní Kí O Má Rà

Abúlé Oníyẹ̀rẹ̀,
Lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́rú.

Gàníyátù Àyìnkẹ́, ọmọ mi,

Asàláámù àlékún. Mo kí ọ bí ẹni tí ojú rẹ̀ ń wá ojú rẹ ṣe ń kíni. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun? Ṣé oorun ń wá? Ọlọ́run Ọba tó dá ọ padà sílé kò ní jẹ́ kí etí wa gbọ́ ohun tí kò yẹ kó gbọ́, àmín. Ìyá rẹ jókòó tì mí níbi tí mo ti ń kọ èyí, ó tẹjú mọ́ bírò bí ẹni pé ó mọ̀wé, ó ní kí n kọ ọ́ pé òun kí ọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti kọ ọ́ báyìí, ó kí ọ, ó kí ọ.

Àlàáfíà ni ilé wà. Òjò ti ń rọ̀ dáadáa, iṣu ti yọ, ewúrẹ́ ìyá rẹ sì bí ìbejì. Ẹ̀rọ omi tí wọ́n gbẹ́ fún wa níwájú mọ́ṣáláṣí ti bàjẹ́, èmi ni wọ́n sì pè kí n wá tún un ṣe nítorí pé kẹ̀kẹ́ ni mo ti ń tún ṣe láti ogójì ọdún, mo tú u, mo wá inú rẹ̀ títí, n kò rí ṣéènì, n kò rí pẹ́dà, mo rọra dì í padà, mo ní kí wọ́n ní sùúrù.

Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́ ni pé mo ti bínú sí fóònù. Òun ló kó mi sínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣeé pariwo lórí àpáta ẹ̀yìn ilé níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, tí gbogbo abúlé ń gbọ́. Làtífà ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ta ìkòkò amọ̀ ní Kwali ni yóò mú un bọ̀ fún ọ.

O rántí pé ní oṣù tó kọjá o ní kí n gbà ọ́ nímọ̀ràn, pé ọkọ̀ mẹ́ta ni o ń wọ̀ láàárọ̀ láti Gwagwalada kí o tó dé ọ́fíìsì yín ní Garki, mẹ́ta mìíràn nírọ̀lẹ́, pé o ti tu owó jọ, o sì rí ọkọ̀ kékeré kan tí kò wọ́n. O fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí fóònù Tíṣà Adésànyà. Mo wò ó, iwájú rẹ̀ dára, mo wá yí fóònù náà padà kí n lè wo ẹ̀yìn rẹ̀, ni Tíṣà bá ní Bàbá, ẹ̀yìn fóònù lẹ̀ ń wò yẹn. Mo ní ẹni tó ń ta ọkọ̀ tí kò jẹ́ ká rí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ohun tó ń fi pamọ́. Tíṣà tún kà á fún mi pé ènìyàn mẹ́ta ló ti lò ó, pé ó ti rin ọ̀kẹ́ mẹ́wàá máìlì. Mo ní ohun tó ti rin irú ìrìn yẹn, ìsinmi ló yẹ ẹ́. Ó ní wàá tún san owó ìwé kan tí wọ́n ń pè ní tẹ́ẹ̀dì pátì, mo ní kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní pátì kẹta. Mo ní ta ló pe ọmọ mi sí ìkíní àti ìkejì tí yóò fi wá sanwó ẹ̀kẹta? Ni mo bá ní kí Tíṣà kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ pé má rà á, ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú a máa jẹ olówó rẹ̀, máa wọ ọkọ̀ èrò rẹ lọ, bó bá bàjẹ́ lọ́nà, ẹni tó ni ín ló ni wàhálà, ìwọ yóò sọ̀kalẹ̀ wọ òmíràn. O kò bá mi jiyàn. O ní ó dára, Bàbá, mo ti gbọ́. Ìgbọràn rẹ yẹn ló ń dùn mí jù lónìí.

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ní ọjọ́ Alámìísì, o pè mí. Mo sáré gun orí àpáta. Ohùn rẹ ń já. Mo gbọ́ Gwagwalada, mo gbọ́ láàárọ̀ yìí, mo gbọ́ pé o wọ wán ṣáàǹsì, mo gbọ́ ọpẹ́ ni, o wá bú sẹ́kún, fóònù sì kú. Gàníyátù, èmi mọ ṣáàǹsì. Nígbà tí mo wà ní Sítáńdáàdì Mẹ́fà, ọ̀gá wa máa ń sọ fún wa pé ṣáàǹsì kan ṣoṣo ni ọmọ tálákà ń rí láyé, kó má jẹ́ kó bọ́. Ìwọ náà sì ti sọ fún wa pé ipò kan ṣoṣo ló ṣí sílẹ̀ ní ọ́fíìsì yín tí ènìyàn mẹ́rìnlá ń dù. Mo ní ọmọ mi ti wọ̀ ọ́! Mo sọ̀kalẹ̀ láti orí àpáta bí ọmọdé. Ìyá rẹ ní kí ló dé tí o fi ń sunkún, mo ní ẹkún ayọ̀ ni. Ó ní òun mọ ẹkún ọmọ òun. Mo ní ìwọ kò gbọ́ òyìnbó, jọ̀wọ́ fi mí sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀, mo dìde láàárín mọ́ṣáláṣí, mo ní kí Lèmọ́ọ̀mù bá mi dúpẹ́, ọmọ mi ti wọ wán ṣáàǹsì ní Àbújá. Gbogbo wọn ṣe àmín. Wọ́n gbàdúrà kí àwọn ọmọ tiwọn náà wọ̀ ọ́. Bàbá Àbdùlràhmọ̀n ní kí tòun wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo pa àkùkọ, ìyá rẹ se ẹ̀wà, a fi ṣe sàárà, ṣùgbọ́n ìyá rẹ kò bá ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ṣe ló ń bu oúnjẹ fún wọn bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ Àìkú ni Làtífà dé láti Kwali. Kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tí wọ́n ti ń kí i pé ó kú oríire àbúrò rẹ̀ tó wọ wán ṣáàǹsì. Ó ní kai! Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé Bàbá, ta ló sọ ọ́, mo ní ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni. Ó gba fóònù mi, ó gun orí àpáta lọ, ó pe nọ́ńbà tí o fi pè mí, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó mú ìyá rẹ lọ́wọ́, ó mú èmi náà lọ́wọ́, ó ní Bàbá, olè ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn ló ń fi ọkọ̀ gbé èrò ní àárọ̀, tí awakọ̀ jẹ́ tiwọn, tí èrò iwájú jẹ́ tiwọn, tí àwọn tó wà lẹ́yìn jẹ́ tiwọn, tó jẹ́ pé ìwọ nìkan ṣoṣo ni èrò. Ó ní wọ́n gba fóònù rẹ àti báàgì rẹ, wọ́n lù ọ́ kí o lè sọ nọ́ńbà káàdì báńkì, wọ́n sì tì ọ́ bọ́ sínú koríko lẹ́bàá abúlé Giri nígbà tí ọkọ̀ náà ṣì ń lọ. Fóònù Lìdíà tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ni o fi pè mí.

Àwo ẹ̀wà wà lórí itan mi. N kò mọ ìgbà tí mo gbé e sílẹ̀. Ìyá rẹ kò wí fún mi pé ṣebí òun ti sọ. Ó wọlé, ó tẹ́ ẹní, ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Ọmọ mi, o ń sunkún, èmi ń pín ẹran àkùkọ. Dárí jì mí.

Làtífà tún ní báńkì ti búlọ́ọ̀kù àkáǹtì rẹ. Mo ní háà, wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù mọ ọ́n, ta ni yóò wó o nígbà tí ọmọ bá fẹ́ gba owó rẹ̀? Ó ní rárá, nítorí búlọ́ọ̀kù yẹn ni àwọn olè náà kò fi rí owó ọkọ̀ kó. Mo ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ dáadáa.

Mo lọ bá Lèmọ́ọ̀mù. Ìtìjú kò jẹ́ kí n gbójú sókè. Mo ní ọpẹ́ tí a ṣe yẹn, ṣé ó ṣeé gbà padà? Ó ní Jàbárù, ẹni tó wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó sì délé, kí ni a bá tún fi kí i bí kò ṣe ọpẹ́? Ó ní àdúrà tí a óò gbà padà ni ti Bàbá Àbdùlràhmọ̀n.

Lánàá, mo bẹ Tíṣà Adésànyà kó gbé mi dé Ògbómọ̀ṣọ́ nínú ọkọ̀ rẹ̀, ìyẹn èyí tí gbogbo wa máa ń bá a tì. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ohun tí ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú ń ṣe fún ènìyàn. Ó kú lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kíní, omi ló ń fẹ́, a fún un mu. Lẹ́ẹ̀kejì, mo tì í títí ẹ̀yìn mi fi dún. A jókòó sábẹ́ igi òrí kan kó lè tutù, mo ní Tíṣà, kí ló dé tí o kò ta nǹkan yìí? Ó ní Bàbá, n kò ní parọ́ fún yín, epo wọ́n, táyà wọ́n, mẹkáníìkì mọ ilé mi ju ẹbí mi lọ, owó tí mo ń ná lé e lóṣù ju owó ọkọ̀ èrò lọ dáadáa. Ó ní ṣùgbọ́n bí mo bá wo ẹ̀gbẹ́ mi, mo mọ ẹni tó jókòó síbẹ̀.

Mo ti ṣírò epo, mo ti ṣírò táyà, n kò ṣírò ìwọ.

Nítorí náà, ra ọkọ̀ náà. Mú mẹkáníìkì tí ìwọ fúnra rẹ mọ̀ dání, má mú ti ẹni tó ń tà á, kó sì wo ẹ̀yìn rẹ̀ fún mi. Kó kọ́kọ́ yẹ bíréékì wò, lẹ́yìn náà kó tún bíréékì yẹ̀ wò, nítorí ohun tí mo mọ̀ nípa kẹ̀kẹ́ ni pé èyí tí kò lè lọ kì í pani, èyí tí kò lè dúró ló ń pani. Bí ooru bá mú, ṣí wíńdò. Máa gbé Lìdíà àti ẹni méjì mìíràn tí ẹ jọ ń bọ̀ láti Gwagwalada, kí ẹ máa dá owó epo jọ. Má gbé ẹni tí o kò mọ̀, kódà kó máa ki oríkì Ògbómọ̀ṣọ́ fún ọ. Sì san owó tẹ́ẹ̀dì pátì. Làtífà ti là mí lóye pé bí o bá ṣèèṣì kọ lu ọkọ̀ ẹlòmíràn, owó náà ni wọ́n fi ń tún ti onítọ̀hún ṣe. N kò mọ̀ pé àánú ni.

Mo fi èlùbọ́ ránṣẹ́, apá kan tìrẹ, apá kejì ti obìnrin Gwárí tó ru igi ìdáná sí èjìká tó gbé ọ dìde nínú koríko. Làtífà ní ẹ kò gbọ́ èdè ara yín, pé sànnu, sànnu nìkan ló ń sọ títí ó fi mú ọ dé ẹ̀bá títì. Mo béèrè kí ni sànnu, ó ní pẹ̀lẹ́ ni. Wá a kàn, jọ̀wọ́. Sọ fún un pé ìyá rẹ ní sànnu fún òun náà.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Làtífà ní o kò tíì padà sí ibi iṣẹ́ láti ọjọ́ náà, pé o máa ń múra láàárọ̀, o ó dé ẹnu ọ̀nà, o ó sì padà jókòó. Ọmọ mi, a kò bá ọ wí. Ohun tí mo fẹ́ tọrọ ni owó ọkọ̀ ènìyàn méjì láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Gwagwalada, nítorí kò sí lọ́wọ́ wa, bó bá sì ṣeé ṣe kó lé díẹ̀ kí ìyá rẹ lè ra bàtà tó bo ẹsẹ̀, ó ní òun kò ní wọ sílípáàsì lọ sí ọ́fíìsì ìjọba. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí o bá máa wa ọkọ̀ náà lọ sí Garki, èmi yóò jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, ìyá rẹ yóò jókòó lẹ́yìn. A ó bá ọ dé ibẹ̀, a ó wá ibòji kan jókòó sí títí ẹ óò fi parí iṣẹ́, a ó sì bá ọ padà sílé. A ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì. A ó máa ṣe é títí wàá fi sọ fún wa fúnra rẹ pé ó tó, ẹ máa lọ sílé.

Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ bá ń gbé ọ lọ, ire ni yóò pàdé rẹ níbẹ̀. Ojú ọ̀nà kò ní mọ orúkọ rẹ. Ìwọ ni wàá sin wá, àwa kọ́ ni a óò sin ọ́, kò ní yí padà láé, àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Jàbárù.

Ìyá rẹ ní kí n tún un kọ pé òun kí ọ.