Ibi Tí Ẹ Ti Máa Ń Pa Fídíò

Daddy mi, ẹ̀yin tí mo ṣì máa ń kí tí mo bá ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yín, bí ẹ tilẹ̀ ti lọ sọ́run,

Mo ní ìròyìn, kò sì dùn. Àbúrò mi, Kúnlé yín, máa ja ìjà ẹ̀ṣẹ́ ní Sátidé. Ọmọkùnrin kan láti Agboyi ló fẹ́ bá jà, ó ń wa yanrìn nínú odò, apá rẹ̀ sì ki. Ṣùgbọ́n kì í ṣe apá ọmọ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Orí Kúnlé ni.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ Sunday, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé? Ẹ á ti ẹ̀rọ ìránṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ á to kásẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì tí ẹ fi ń gé aṣọ. Gbogbo àwọn abẹ̀ṣẹ́kù-bí-òjò àtijọ́ yẹn lẹ fún lórúkọ tiyín. Alágbẹ̀dẹ ni èyí tó jà láyé tí fídíò ṣì jẹ́ dúdú àti funfun, tí ìbọ̀wọ́ wọn tín-ín-rín, tí ìjà kì í sì í tètè parí. Ẹlẹ́sẹ̀ Òwú ni èyí tó dé nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ti ní àwọ̀, tó máa ń lu èèyàn tán kó tó di pé ẹni náà mọ ibi tó dúró sí. Ẹlẹ́sẹ̀ Òwú ni Alhaji aláta, ọ̀rẹ́ yín ní Mile 12, máa ń gbè lẹ́yìn. Wọ́n á ní kí lèèyàn fẹ́ fi ojú wíwú ṣe. Ẹ̀yin á rẹ́rìn-ín, ẹ á fi tọ́wẹ̀lì aláwọ̀ ewé ọrùn yín nu ojú, ẹ á ní ẹni tó ń sá kò tíì jà.

Alágbẹ̀dẹ kì í fà sẹ́yìn. Á gba ẹ̀ṣẹ́ mẹ́ta kó tó lu ẹyọ kan, ẹyọ yẹn á sì tó. Tí wọ́n bá ní kí àwọn méjèèjì pàdé, mo rò pé Ẹlẹ́sẹ̀ Òwú ló máa borí, ṣùgbọ́n Alágbẹ̀dẹ ni gbogbo ilé máa dìde fún. Kò sí ẹni tó dùn ún wò bíi rẹ̀, mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ohun tí Kúnlé kọ́ lórí itan yín nìyẹn, kó tó mọ ìwé kà.

Ṣùgbọ́n Daddy, kí ló dé tí ẹ máa ń pa fídíò? Tí wọ́n bá ti gbé Alágbẹ̀dẹ sókè, tó ń juwọ́ sáwọn èèyàn, ẹ á tẹ rìmóòtù, ẹ á ní ká lọ jẹun. Mo rò pé ibẹ̀ ló parí sí ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wá a jáde lórí fóònù mi, mo sì wo ìyókù. Ó ṣì jà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Oníròyìn bi í ní ìbéèrè kan, ó wo máìkì náà títí bíi pé inú rẹ̀ lẹni tó ń sọ̀rọ̀ wà. Ìyàwó rẹ̀ ló bá a dáhùn. Ṣé ẹ mọ̀? Ẹ gbọ́dọ̀ ti mọ̀, torí ẹ ò ṣi ibi tí ẹ máa ń pa á sí rí.

Mo ti rí ẹsẹ̀ yẹn nínú ilé wa. Kúnlé máa ń di ara ilẹ̀kùn mú kó tó jáde. Ó bu iyọ̀ sí ẹyin, ó tún bu òmíràn sí i, ó sì jẹ ẹ́ tán láìmọ̀. Ní Ketu, láàárín èrò, ó pè mí ní Mummy, kò sì fi ṣe àwàdà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ká lọ yẹ orí rẹ̀ wò ní ọsibítù, ó ní ó di ẹ̀yìn Sátidé. Mummy ń gbààwẹ̀. Alhaji wá wò ó níbi tó ti ń gbáradì. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n kàn yíjú sí mi pé, "Ọmọ mi, ta ló máa mú tọ́wẹ̀lì?"

Èmi ni. Kóòṣì rẹ̀ ló ní kí n dúró sí igun wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìjà, torí èmi ni ẹbí. Tí mo bá ju tọ́wẹ̀lì sáàárín àwọn tó ń jà, ìjà parí nìyẹn. Kúnlé gbọ́, ó sì tẹjú mọ́ mi.

"Sister mi, tí ẹ bá jù ú, ẹ má pè mí ní àbúrò yín mọ́. Alágbẹ̀dẹ ò lẹ́ni tó ju tọ́wẹ̀lì fún un."

Òótọ́ ló sọ. Mi ò lè sọ ohun tí mo rí lórí fóònù fún un.

Daddy, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ àgbà náà, ẹ sì ti fi ọjà sílẹ̀ fún mi. Ṣé ẹ máa bínú? Tí wọ́n bá ń pariwo orúkọ rẹ̀, tó ń gba mẹ́ta kó tó lu ẹyọ kan, ṣé ọwọ́ mi á lè ju tọ́wẹ̀lì náà? Ẹ̀rù ń bà mí pé kí n má pẹ́ jù.

Mo ti yọ tọ́wẹ̀lì yín lára ìṣó ní ṣọ́ọ̀bù. Mo fọ̀ ọ́, mo sì ti ká a sínú báàgì mi. Kò sí bí Kúnlé ò ṣe ní mọ̀ ọ́n. Tó bá rí aláwọ̀ ewé yẹn nílẹ̀, á rò pé ẹ̀yin lẹ pa fídíò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó rò bẹ́ẹ̀.

Èmi ọmọbìnrin yín, tí ìfẹ́ yín ò kúrò lọ́kàn mi.