Ọkọ̀ Tí Kì Í Lọ Lófìfo: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Simon Lájídé Ọ̀ṣunbíyìí, Kabba (1908–1959)

Okun o, gbogbo ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ̀yin ará Kabba, ẹ̀yin tí ẹ ti Iyah-Gbede wá, ẹ̀yin ará Amuro, ẹ̀yin onímọ́tò, ẹ kú ẹsẹ̀, ẹ ṣeun. Ẹbí Ọ̀ṣunbíyìí ló ní kí èmi Bíllíkísù, àbúrò olóògbé, ọmọ ìyá rẹ̀, máa sọ ọ́, kí tíṣà máa kọ ọ́ sílẹ̀. Bí mo bá yà sí igbó díẹ̀, ẹ má bínú, màá padà sójú ọ̀nà.

Ní nǹkan bí ọdún 1908 ni wọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi, ní agbo ilé Ọ̀ṣunbíyìí níbí ní Kabba. A ò kọ ọjọ́ sílẹ̀ nígbà náà. Ìyá wa kàn máa ń sọ pé àgbàdo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ irùkẹ̀rẹ̀ ni. Bàbá wa, Ọ̀ṣunbíyìí, àgbẹ̀ ni, iṣu rẹ̀ kì í tán lọ́gbà. Ìyá wa ni Jẹ̀mílà, ọmọ Láwọ̀yín, àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n ti ń ṣòwò nílùú yìí kí ojú wa tó là. Ẹni tó fẹ́ kírun nílé wa ń kírun, ẹni tó fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ń lọ, ìkòkò ọbẹ̀ kan la jọ ń bù. Ìyá wa a máa ru iyọ̀ àti ẹja gbígbẹ lọ sí ọjà Iyah-Gbede, ẹsẹ̀ ni o, ẹ̀gbọ́n mi á ru tirẹ̀ tẹ̀lé e. Ọrùn ìyá wa tó ń dùn ún nígbà náà ló jẹ́ kó máa wá mọ́tò káàkiri láyé rẹ̀. Òun ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

Ní 1919 ló wọ ilé ìwé àwọn míṣọ́nnárì. Ní 1922 wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, wọ́n sọ ọ́ ní Simon. Ó dé Sítáńdáàdì Kẹta kó tó fi í sílẹ̀. Kì í ṣe pé orí rẹ̀ kò pé o, ọwọ́ rẹ̀ ló ń yún un sí irin. Kẹ̀kẹ́ tíṣà wọn tó bà jẹ́, òun náà ló tún un ṣe.

Ní 1929 ó lọ sí Lọ́kọ́ja lọ kọ́ mọ́tò. Ọdún méjì ló fi fọ lọ́rì ọ̀gá rẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kó fọwọ́ kan sítíárìn. Lẹ́yìn náà ó wa lọ́rì fún àwọn tó ń ra ẹ̀pà àti òwú. Ní 1935 ó fẹ́ Naomi, ọmọ Iyah-Gbede. Ẹ fi èyí sọ́kàn, pé àna Iyah-Gbede ni ẹ̀gbọ́n mi, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa le.

Ní oṣù kejì ọdún 1952 ló ra píkọ́ọ̀pù tirẹ̀. Àlòkù ni, lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń bójú tó iṣẹ́ ọ̀nà tó fẹ́ máa lọ sílé wọn. Àwọ̀ ewé ni. Iwájú rẹ̀ gba èèyàn méjì, mẹ́ta tí wọn ò bá sanra, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ká sòótọ́, mọ́tò yẹn ní ìwà tirẹ̀. Láàárọ̀ ọyẹ́ kì í fẹ́ jí. Ẹ̀gbọ́n mi á ki irin bọ̀ ọ́ níwájú, á máa yí i, á máa bẹ̀ ẹ́, Naomi á máa da omi gbígbóná sí i bí ẹni ń wẹ ọmọ. Tó bá ń gun òkè, omi inú rẹ̀ á hó, kálukú á sọ̀kalẹ̀ kó lè tutù. Ṣùgbọ́n tó bá ti jí, ó ti jí nìyẹn. Láàárín ọdún méje, ẹ̀ẹ̀kan péré ló mú un sùn sọ́nà, lọ́nà Makutu, ìyẹn náà táyà ló bẹ́.

Sùlèímánì, ọmọ àbúrò ìyá wa tó ní lọ́rì, kò jẹ́ kó sinmi. Á ní, "Simon, ṣé mọ́tò lo rà ni àbí òbúkọ?" Ẹ̀gbọ́n mi á ní òbúkọ tó ń délé sàn ju màlúù tó ń sùn lọ́dọ̀ mẹkáníìkì lọ. Òótọ́ sì ni pé ó ń fò bí òbúkọ. Ẹ mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí gbágungbàgun. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn lábẹ́ píkọ́ọ̀pù, sípíríǹgì ni wọ́n ń pè é, ẹrù ni wọ́n ṣe é dè. Tí ẹrù kò bá tẹ̀ ẹ́, ó le bí àpáta, gbogbo kòtò ló máa sọ fún ìdí rẹ.

Bàbá wa ló kọ́kọ́ rí èyí. Ní 1953 ìbàdí ti ń dun bàbá, ẹ̀gbọ́n mi wá fi mọ́tò gbé e lọ wo oko. Àlọ, kò sí ẹrù lẹ́yìn. Bàbá ṣépè dé oko, ó ní ẹsẹ̀ lòun máa fi rìn padà. Àbọ̀, wọ́n ti di iṣu kún un, bàbá sùn lọ, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ títí wọ́n fi délé. Nígbà tó jí, ó ní, "Simon, ẹrù ló ń mú un fara balẹ̀. Má fi òfìfo gbé aláìsàn o." Láti ọjọ́ yẹn, tí ẹ̀gbọ́n mi bá máa gbé arúgbó tàbí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, á kọ́kọ́ wá ẹrù sí i.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 1955, ọjọ́ ọjà Iyah-Gbede. Ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù àwọn ọlọ́jà tán ni Ṣọlápé, obìnrin Iyah-Gbede kan, sáré dé. Ọmọ rẹ̀ Adétutù ti ń rọbí láti àná, oyún àkọ́kọ́. Ọmọ́níyì, ọkọ rẹ̀, wà lóko tó jìn, àwọn obìnrin ilé wà lọ́jà. Ta ni yóò ronú ẹrù nírú àkókò bẹ́ẹ̀? Wọ́n tẹ́ ẹní sẹ́yìn mọ́tò, wọ́n gbé ọmọ náà sí i, ìyá rẹ̀ dì í mú, ó di ọ̀nà ilé ìwòsàn ní Kabba. Òfìfo ni mọ́tò yẹn o.

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí igbe fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi rọra ń wà á, kò ràn án. Tó bá yára, á fò. Tó bá rọra, kòtò kọ̀ọ̀kan á kí i lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Adétutù wá ní, "Bàbá, ẹ gbé mi sọ̀kalẹ̀, ẹ jẹ́ n kú síbí." Ẹ̀gbọ́n mi ń gbọ́ èyí létí títí tó fi kú.

Wọ́n wá dé ẹ̀gbẹ́ oko Abraham, àgbẹ̀ Iyah-Gbede kan, iṣu tí wọ́n ti wà jáde wà lókìtì lẹ́bàá ọ̀nà, kò sí ènìyàn kankan níbẹ̀. Ó dúró. Òun àti Ṣọlápé bẹ̀rẹ̀ sí kó iṣu sínú mọ́tò, wọ́n ń fi ewé tì í yí Adétutù ká. Àwọn kan ti bi wá pé ṣé kò sí òkúta ni. Òkúta ń yí, á yí lu aláboyún. Ẹ sì mọ àṣà oko wa: tí ebi bá pa ọ́ lóko olóko, sun iṣu jẹ, ṣùgbọ́n má gbé e lọ, tí o bá máa gbé e, fi nǹkan ara rẹ sílẹ̀ kí olóko mọ̀ pé kì í ṣe olè ló wá. Ẹ̀gbọ́n mi ṣí fìlà rẹ̀, ó fi í lé òkìtì tó kù. Ìwọ̀n ìgbà tí iṣu fi ń jinná lórí iná ni wọ́n fi dúró níbẹ̀. Kò kéré, a ò ní sọ pé ó kéré.

Wọ́n dé Kabba. Adétutù bí ọmọbìnrin láàyè. Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ kú.

Ọmọ́níyì gun kẹ̀kẹ́ dé ilé ìwòsàn, iṣu kún mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà, ìyẹn ló kọ́kọ́ rí. Nígbà tí wọ́n sìnkú tán, ó dìde láàárín àwọn àgbà, ó ní, "Ìyàwó mi ń kú lọ, Simon ń kó iṣu." Abraham jáde, ó ní gbogbo iṣu náà ló padà sóko òun láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun sì dá fìlà padà. Ìyẹn tún wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́ sí i, nítorí Ọmọ́níyì bi ẹ̀gbọ́n mi pé tí kò bá fẹ́ tà á, kí ló ń gbé e rìn fún? Ẹ̀gbọ́n mi ṣàlàyé. Ta ló máa gbà á gbọ́? Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló ti ru ẹrù rí, kò sí èyí tí ẹrù tù lára nínú wọn. Sùlèímánì jẹ́rìí pé bẹ́ẹ̀ ni mọ́tò òfìfo ń ṣe, wọ́n ní ẹbí rẹ̀ ló ń gbè. Ṣọlápé náà ní látìgbà tí àwọn di iṣu ni igbe ọmọ òun ti lọ sílẹ̀. Ọmọ́níyì ní, "Ìyá, agbára ló ń tán lára rẹ̀."

Orí ọ̀rọ̀ yẹn ni ìpàdé ti tú ká.

Ará Iyah-Gbede kò gbé ẹrù sí mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi mọ́. Tí Naomi bá lọ kí àwọn òbí rẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ ṣeré ní kékeré á wo ẹ̀gbẹ́ kan. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò lé e o, òun fúnra rẹ̀ ló kúrò nípò olórí ẹgbẹ́ Bíbélì, ó ní ẹni tí orúkọ rẹ̀ bà jẹ́ kì í darí àdúrà. Ohun tó sì ń jẹ ẹ́ lára jù ni pé òun náà kò mọ̀. Ó máa ń bi mí pé, "Bíllíkísù, tí mi ò bá dúró ńkọ́?" Mo máa ń bu oúnjẹ fún un ni.

Ó wá di àpò iyẹ̀pẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn mọ́tò náà, kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ mọ́, ẹ̀ẹ̀rùn, òjò. Epo tó ń jó pọ̀ sí i, wọ́n ń pè é ní Simon Oníyẹ̀pẹ̀, ó ń dáhùn.

Oṣù kẹta ọdún 1958 ni ọmọ tí Adétutù bí, Mojí lorúkọ rẹ̀, já bọ́ sórí òkúta, itan rẹ̀ kán. Kò sí mọ́tò mìíràn ní Iyah-Gbede lọ́jọ́ náà, àfi ti ẹ̀gbọ́n mi tó gbé Naomi wá kí àwọn òbí rẹ̀. Ọmọ́níyì dúró láàárín ọ̀nà, ó gbé ọmọ dání, kò kí ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi dúró. Wọ́n tẹ́ ẹní sórí iyẹ̀pẹ̀, wọ́n tẹ́ ọmọ sí i. Kí wọ́n tó dé Kabba, Mojí ti sùn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí, Ọmọ́níyì ló ní kí a sọ ọ́. Wọ́n di ẹsẹ̀ ọmọ náà, Ṣọlápé dúró tì í, ẹ̀gbọ́n mi sì gbé Ọmọ́níyì padà sí Iyah-Gbede kó lọ mú aṣọ àti oúnjẹ wá. Nígbà tí Ọmọ́níyì kó wọn jáde, ó ní kí wọ́n sọ iyẹ̀pẹ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kì í gbé èèyàn lófìfo mọ́. Ọmọ́níyì ní, "Ìyàwó mi lẹ gbé bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé èmi náà."

Wọ́n sọ iyẹ̀pẹ̀ kalẹ̀, Ọmọ́níyì dùbúlẹ̀ gbalaja sẹ́yìn mọ́tò, níbi tí Adétutù ti dùbúlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà á bó ṣe wà á lọ́jọ́ yẹn, kò yára jù, kò rọra jù. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ oko Abraham, ó dúró. Ọmọ́níyì sọ̀kalẹ̀, ó di ara mọ́tò mú, ìgúnpá rẹ̀ ti bó. Ó jókòó sílẹ̀.

"Ṣé ibí lẹ ti dúró?"

"Ibí ni."

Ọmọ́níyì nu ìgúnpá rẹ̀. Ó wá ní, "Ó yẹ kẹ́ ẹ ti dúró ṣáájú ibí."

Ẹ̀gbọ́n mi lọ jókòó tì í. Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí oòrùn fi yí.

Èyí ò sọ ohun tó pa Adétutù fún wa o. Ẹni tó mọ̀ ọ́n, Ọlọ́run nìkan ni. Ṣùgbọ́n Ọmọ́níyì padà sọ́dọ̀ àwọn àgbà Iyah-Gbede, ó ní òun ti sùn sínú mọ́tò náà. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ jiyàn kó lọ sùn sí i. Kò sẹ́ni tó lọ. Àwọn ọlọ́jà tún bẹ̀rẹ̀ sí gbé ẹrù wá, ẹ̀gbọ́n mi padà sí ẹgbẹ́ Bíbélì, ó sì ń kọ́ àwọn awakọ̀ tuntun pé kí wọ́n tó gbé aláìsàn, kí wọ́n wá ohun tó máa tẹ sípíríǹgì. Iṣẹ́ tó ṣe fún ìlú nìyẹn.

Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 1959 ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá, lẹ́yìn tó ti bọ́jú, tó ti bèèrè ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dákẹ́.

Àwọn tó gbẹ̀yìn rẹ̀ ni: Naomi, ìyàwó rẹ̀, Magdalene àti Moses, àwọn ọmọ rẹ̀, ọmọ méjì tí Magdalene ti bí, èmi Bíllíkísù àbúrò rẹ̀, Sùlèímánì, tí kò tíì rí ẹni tí yóò máa bá jà látọjọ́ náà. Ó kù ẹnì kan. Nígbà tí à ń to orúkọ yìí, Ọmọ́níyì wá bá wa nílé, ó ní ká kọ ọmọ òun mọ́ àwọn ọmọ. Tíṣà bi í pé kí ni Mojí jẹ́ sí olóògbé kí òun lè kọ ọ́ dáadáa. Ó ní, "Ẹ ṣáà kọ ọ́ síbẹ̀."

Mojí, ọmọ Adétutù.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ Jẹ̀mílà, ọmọ Ọ̀ṣunbíyìí, orúkọ yín ti mọ́. Kí Olúwa tí gbogbo wa ń pè, lóríṣiríṣi ohùn, gbà yín sílé. Ẹ máa sùn, a jí yín tì.