Ẹyin Tó Gba Ojú Fèrèsé Wọlé

Ọjọ́ Ajé, 5 Máàṣì 1956
Ọ̀gá Ẹyin — Ọ̀gbẹ́ni Akínpẹ̀lú, hẹdimásítà wa, èmi ni mo sọ wọ́n lórúkọ yẹn — tún kọ oúnjẹ sójú pátákó fún èmi nìkan. Iṣu fún agbára. Ẹ̀wà àti ẹyin kí iṣan lè le. Ẹ̀fọ́ fún ẹ̀jẹ̀. Ọsàn. Iyọ̀ díẹ̀ nínú omi, nítorí òógùn. Wọ́n ní ẹni tó bá ń sáré tí kò jẹ wọ́n pọ̀, ara rẹ̀ ló ń jẹ. Ọjọ́ méjìlá ló kù tí àwa tíṣà máa sá eré máìlì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tó bá gba ipò kìíní, kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ìbàdàn ń dúró dè é. Ọlọ́run, mo fẹ́ kúrò nílé Bàbá mi.

Ọjọ́bọ̀, 8
Ẹyin mẹ́ta láti ọjọ́ Ajé. Ẹsẹ̀ mi fúyẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 11
Ó ti bàjẹ́. Aríran kan nínú ìjọ wa rí i pé mo ṣubú lójú eré. Bàbá, alàgbà Aládùúrà, ní kí n wọlé àdúrà lọ́la títí di ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀kọ kan àti omi, lẹ́yìn agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ó tán. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní ṣé Akínpẹ̀lú ló bí mi ni. Wọ́n sì ránṣẹ́ sílé-ìwé pé ara mi ò yá. Alàgbà tó ń purọ́!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13
Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti ilẹ̀kùn láti ìta. Fèrèsé kan, kò ju Bíbélì méjì lọ. Wọ́n ní kí n ka Sáàmù. Iṣu, ẹ̀wà, ẹyin ni mò ń kà. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ọjọ́rú, 14
Ẹyin sísè méjì gba ojú fèrèsé wọlé, nínú ewé! Ìyá mi ni. Wọ́n ń gbálẹ̀ lóde bí ẹni pé wọn ò mọ nǹkan kan. Mo jẹ ẹ́, mo sunkún. Èèpo rẹ̀ wà lábẹ́ ẹní.

Ọjọ́bọ̀, 15
Mọ́ínmọ́ín. Ọsàn méjì. Ìyá mi tún ń gbálẹ̀ lóde.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17
Mo gbégbá orókè! Tíṣà kan láti Ọjà Igbó ló ń síwájú títí a fi dé kọ́nà ìkẹyìn. Bàbá gbá mi mọ́ra. Mi ò rántí ìgbà tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Inú mi dùn, ojú sì ń tì mí.

Ọjọ́ Àìkú, 18
Bàbá jẹ́rìí níwájú ìjọ: ààwẹ̀ lọmọ òun fi sáré, kì í ṣe oúnjẹ. Halelúyà gba gbogbo ilé. Mo ṣe àmín, ó korò lẹ́nu mi. Ṣebí Ìbàdàn ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ká dákẹ́ ló dáa.

Ni Bàbá bá pe Rúùtù, àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, tó gbẹ bí ìgbálẹ̀. Ó fẹ́ ṣèdánwò. Wọ́n ní òun náà á wọlé àdúrà lọ́la, ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ọmọ náà yíjú wò mí.

Mo dìde. Mo ní, "Bàbá, mo jẹun níbẹ̀. Ẹyin ni mo jẹ."

Bàbá ò bínú, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Wọ́n rọra bi mí pé, "Ta ló gbé e wá fún ọ?"

Mi ò ronú débẹ̀. Bí mo bá sọ, mo ti ta ìyá mi. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á ní irọ́ ni mo pa, Rúùtù á sì wọlé. Mo ń wolẹ̀.

Bẹ́ńṣì dún ní apá àwọn obìnrin. Ìyá mi ti dìde.