Ásítà Tí Mi Ò Gé Lóṣù Kẹfà

Màmá mi, ṣé dáadáa lẹ wà? Koko lara mi le ní Ohio níbí.

Òdòdó ásítà tí ẹ fún mi ti ga jù, ó ti wó bo ojú ọ̀nà. Mo mọ̀ pé oṣù kẹfà la máa ń gé e kó má baà wó. Ọwọ́ mi ló dí.

Láàárọ̀ yìí, Ọ̀gbẹ́ni Haskell, alága àdúgbò wa, ti ẹ̀rọ tó ń gé koríko dé. Ó ní, "Corinne, igbó lèyí. Kúrò lọ́nà."

Mo ní, "Oyin ń jẹun lórí ẹ̀. Gé èmi náà mọ́ ọn."

Ó wo àga tí mo jókòó lé, ó ní òun á padà wá ní Sátidé.

Àga náà dára, ó ní táyà. Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ má sọ ti táyà fún wọn.

Corinne yín