Sí Rìnsọ́lá, Nípa Ẹ̀rọ Tí Kò Dá Kọ̀ǹpútà Lóhùn

Ilé Iṣẹ́ Agbẹ́rin,
Ọ̀nà Ilé-Ogbó,
Ìwó.

Rìnsọ́lá ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo ń kí ọ torí pé a kì í lanu bá ènìyàn sọ̀rọ̀ láìkọ́kọ́ kí i, kì í ṣe torí pé inú mi dùn sí ọ. Mo kí Jonathan ọkọ rẹ, òun kò ṣẹ̀ mí. Ọlọ́run tó fi ọ́ sí Ìkẹjà kò ní jẹ́ kí Ìkẹjà gbé ọ mì, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò sì ní dójú tì ọ́ bó ṣe fẹ́ dójú tì mí lọ́sẹ̀ yìí. Àmín. Ó yá, jẹ́ ká sọ̀rọ̀.

Ara wa le nílé. Òrùlé tí atẹ́gùn ká lóṣù tó kọjá ti padà sórí ilé, èmi ni mo dúró ti káfíńtà títí ó fi kan ìṣó tó kẹ́yìn, torí bí mo bá kúrò níbẹ̀ pẹ́nrẹ́n, á ní òun ń lọ jẹun. Ìjọ wa ti yan olórí akọrin tuntun. Ohùn rẹ̀ kò dára, ṣùgbọ́n ó máa ń tètè dé. Òun ni mo dìbò fún.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ló kù. Ìwọ lo ní ká ta ẹ̀rọ àfọwọ́yí tí bàbá rẹ fi gbẹ́ irin títí Ọlọ́run fi pè é. Ìwọ lo ní ká ra ẹ̀rọ àlòkù tí wọ́n ń pè ní CNC, tó ti Japan wá, pé kọ̀ǹpútà ni yóò máa sọ fún un bí yóò ṣe gbẹ́ irin, pé wáyà kan ṣoṣo ló máa so àwọn méjèèjì pọ̀. Mo gbọ́. Mo kàwé nípa okòwò, mo mọ̀ pé ẹni tí kò bá pààrọ̀ irinṣẹ́, oníbàárà rẹ̀ ni yóò pààrọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin kan láti Ilé-Ogbó ti gbé ẹ̀rọ bàbá rẹ lọ, kò sì ní dá a padà. Mo wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Àlháájà Safurat ní Kuta, olórí àwọn obìnrin tó ń ṣe gààrí, pé a ó bá wọn ṣe ogún ṣáàfù, ìyẹn ọ̀pá irin tó ń yí nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá. Tiwọn ti jẹ tán. Wọ́n sì ti wú gbágùúdá sílẹ̀, o mọ̀ pé gbágùúdá tí a bá ti wú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. O ní o ń bọ̀ wá so wáyà náà ní Sátidé, o tún ní Sátidé mìíràn, lẹ́yìn náà o ní ọ̀gá rẹ kò gbà. Ṣé ọ̀gá rẹ ló bí ọ ni?

Lo bá ní wàá máa kọ́ wa lórí fóònù. Kí o tó bẹ̀rẹ̀, o ti ń sọ pé ọ̀rọ̀ kan wà tó o fẹ́ bá mi sọ. Mo ní kí o gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ohun tó wà lórí ètò ni ká sọ. O ní kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ jọ máa sọ̀rọ̀ ní ìwọ̀n eré kan náà, kí n wo nọ́ńbà tó wà lójú ẹ̀rọ kí n fi irú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Mo wo ti ẹ̀rọ, ó kéré. Mo wo ti kọ̀ǹpútà, mo rí i pé ó lè sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Rìnsọ́lá, èwo ni ká máa rọra rìn nínú okòwò? Mo fi kọ̀ǹpútà sí eré tó pọ̀ jù lọ, mo ní bí ẹ̀rọ bá rí i pé ẹnìkejì òun ń sáré, ojú á tì í, òun náà á sáré. Mo wọ ọ́fíìsì mi, mo ní kí Ọ̀gá Ògúntóyè, tó ti ń bá wa gbẹ́ irin láti ayé bàbá rẹ, ṣe ìyókù bí o ṣe sọ ọ́. Ẹ̀rọ kò sáré. Ó kọ àwọn àmì tó dà bí ẹsẹ̀ adìyẹ sójú ara rẹ̀, iná pupa sì tàn. O ní bí ẹni méjì bá ń gúnyán nínú odó kan, tí ọ̀kan ń kánjú ju èkejì lọ, ọmọrí odó ni wọn yóò máa gbá mọ́ra wọn. Mo ní ta ló kọ́ ọ níyán gígún? Ṣùgbọ́n mo dá nọ́ńbà náà padà.

Ní ọjọ́ kejì, èmi fúnra mi dúró ti Ọ̀gá Ògúntóyè àtàwọn òṣìṣẹ́ yòókù, ibẹ̀ ni mo ti rí ìwà ìbàjẹ́ tí ò ń kọ́ wọn. O ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì gbígbà lára ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ dúró kó máa retí, kí kọ̀ǹpútà tó wá fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Mo wo ara ẹ̀rọ náà. Wọ́n kọ ọdún tí wọ́n ṣe é sára irin rẹ̀, ó ju ìwọ gan-an lọ lọ́jọ́ orí! Kọ̀ǹpútà ńkọ́? Ọdún tó kọjá la rà á. Àgbà ni kó wá dúró, kó tẹ́wọ́, kó máa retí ọmọdé? Níbo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìwó? Mo wá mọ ohun tó fa iná pupa. Ẹ ti rí ẹ̀rọ náà fín.

Mo yí ètò yẹn padà lójú ẹsẹ̀. Mo ní kí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ránṣẹ́, kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà kọ ọ́ gàdàgbà pé òun ti fi ránṣẹ́ tán. A tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ, ẹ̀rọ dákẹ́ bí ẹni tí a kò bí pẹ̀lú ẹnu. A tún ṣe é, ó tún dákẹ́. Ọ̀kan ní òun ti jẹ́ iṣẹ́, èkejì ní òun ò rí ẹnì kankan. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ; kọ̀ǹpútà rẹ, iṣẹ́ ọmọ ni mo rán an, irọ́ ló fi jẹ́ ẹ. Mo pààrọ̀ wáyà. Mo gbé kọ̀ǹpútà kúrò lórí tábìlì sórí àpótí kúkúrú, kó má bàa ga ju àgbà rẹ̀ lọ. Nígbà tí kò tún gbọ́, mo kọ kúẹ́rì fún un bí a ṣe ń kọ ọ́ fún òṣìṣẹ́ tó ṣẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, pé kó sọ ìdí tí a kò fi ní lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá Ògúntóyè ní ta ni yóò fèsì? Mo ní onídùúró rẹ̀ ni. Ìwọ ni mo kọ síbẹ̀.

Gbogbo ìgbà tí mo bá sì pè ọ́, ohun kan náà lo ń sọ, Mọ́mì, ẹ̀rọ ni kó kọ́kọ́ gbọ́. Mo ní ṣé ẹ̀kọ́ ilé tí a kọ́ ọ nìyẹn? O ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Mo ní èmi ni mò ń sọ̀rọ̀. O tún mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ tìrẹ yẹn, mo ní kí o dúró ná, owó ìpè mi sì tán.

Ní Ọjọ́rú, mo gun ọ̀kadà lọ sí Kuta láti lọ bẹ Àlháájà. Wọ́n jù mí lọ dáadáa. Mo bá wọn lórí ẹní lábẹ́ igi, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń yan gààrí, wọ́n jókòó, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo sì bẹ̀rẹ̀. Mo ṣàlàyé ẹ̀rọ, mo ṣàlàyé wáyà, mo ṣàlàyé ìwọ àti ọ̀gá rẹ, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi láyè díẹ̀ sí i. Wọn kò dáhùn. Mo tún un sọ. Wọn kò mira. Orúnkún ń dùn mí, inú ń bí mi, mo ní bí wọn kò bá fẹ́ iṣẹ́ náà mọ́ kí wọ́n sọ ọ́, kí wọ́n má fi mí sórí ìkúnlẹ̀ bí ọmọ iléèwé tó pẹ́ dé. Ìgbà náà ni wọ́n yíjú sí ọ̀tún, wọ́n yíjú sí òsì. Wọ́n ń kírun ni! Wọ́n wá yí sẹ́yìn, wọ́n ní háà, Ọládùnní, ìgbà wo lo dé? Mo ní mo ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán. Wọ́n ní àwọn gbọ́ ariwo lẹ́yìn àwọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lórí ìrun kì í gba iṣẹ́ tí ẹlòmíràn bá rán. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìkúnlẹ̀ mi dára púpọ̀, ẹni tí mo kúnlẹ̀ fún ni kò tíì dé. Wọ́n ní ó yá, àwọn ti yíjú sí mi báyìí, kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo ti da gbogbo ọgbọ́n mi sí! Mo tún un sọ. Wọ́n fún mi láyè di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, wọ́n ní bí kò bá sí ṣáàfù, Ìbàdàn ni àwọn ń gbà lọ.

Orí ọ̀kadà ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára. Mo wọ ilé iṣẹ́, n kò tíì jókòó, mo ní kí Ọ̀gá Ògúntóyè tẹ bọ́tìnnì gbígbà lára ẹ̀rọ. Ó wò mí, ó ní kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ gbọ́ kẹ̀? Mo ní tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lójú ẹ̀rọ, ó ń tàn, ó ń kú, bí àgbà tó ti parí ìrun, tó yí sẹ́yìn, tó ní ó yá, mò ń gbọ́. Mo wá ní kí kọ̀ǹpútà sọ ti ẹnu rẹ̀. Rìnsọ́lá, nọ́ńbà rọ̀ sójú ẹ̀rọ bí òjò. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ irin, omi funfun tó ń mú irin tutù ń tú sí i lára, ó sì gbé ṣáàfù àkọ́kọ́ jáde, ó ń dán gbinrin. Ọ̀gá Ògúntóyè wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n, ó ní kò sí ibi tó ti ṣì.

Ló bá lanu, ó ní Màmá, ṣebí ohun tí Rìnsọ́lá ti ń sọ láti ọjọ́ yìí nìyí. Mo ní kó kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí Rìnsọ́lá sọ ni pé kí àgbà kọ́kọ́ kí ọmọdé, n kò sì ní gbà bẹ́ẹ̀ láéláé. Ohun tí èmi ṣe ni pé kí àgbà kọ́kọ́ yíjú, kí ọmọdé wá kí i. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Mo ti kọ ọ́ sára ògiri kí ẹnikẹ́ni má bàa dà á rú: ÀGBÀ Á YÍJÚ, ỌMỌDÉ Á KÍ.

Àlháájà fúnra wọn ló wá kó ẹrù náà lánàá, ogún rẹ̀ pé, wọ́n sì mú iṣẹ́ mìíràn wá. Ṣùgbọ́n má rò pé ìbínú mi ti rọlẹ̀. Iná ìjọba kò dúró fún wa, jẹnẹrétọ̀ ló gbẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ṣáàfù náà, nítorí náà fi owó dísù lé Sunday lọ́wọ́, awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá. Má sọ fún un pé ó di Sátidé. Kí o sì fèsì sí kúẹ́rì, ó ṣì wà lára kọ̀ǹpútà, n kò lè yọ ọ́ láìsí èsì. Ètò ni ètò.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Ibi tí o bá ránṣẹ́ sí, wọn yóò gbà á. Ẹni tí o bá ké sí, kò ní kọ ẹ̀yìn sí ọ. Ilé rẹ yóò tòrò, ọmọ rere yóò pè ọ́ ní ìyá.

Ọ̀rọ̀ tìrẹ yẹn ńkọ́, tó o ní o fẹ́ sọ? Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí a bá ti tú ká ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa jókòó sí yàrá bàbá rẹ, èmi àti fóònù nìkan. Pè mí. Bí mo bá gbé e, n kò ní sọ nǹkan kan, má rò pé fóònù ti kú. Ṣáà kí mi, kí o sì bẹ̀rẹ̀.

Mo ti yíjú.

Èmi ni ìyá rẹ tí inú ṣì ń bí,
Ọládùnní.